Nígbà tí Oòrùn àti Òṣùpá Kojú Ara Wọn Lójú Òkun Zanzibar

Ní Zanzibar, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kì í ka aago bí a ti ń kà á. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wákàtí wọn ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ tiwa ni wákàtí kìíní lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán gangan ni wákàtí kẹfà, bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú lọ, wọ́n á ní wákàtí kejìlá ti lù. Kò sí ohun tó ń da irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ rú níbẹ̀, nítorí erékùṣù náà kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìwọ̀n dígírì 6 péré ló fi wà ní gúúsù rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tí oòrùn tètè wọ̀ jùlọ àti ọjọ́ tó pẹ́ wọ̀ jùlọ kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Èèyàn lè so ayé rẹ̀ mọ́ oòrùn tó ń pa àdéhùn mọ́ báyìí, àwọn ará Zanzibar sì ti so tiwọn mọ́ ọn.

Nungwi, ní ìkangun àríwá erékùṣù Unguja tí ayé ń pè ní Zanzibar, ni èmi àti ìyá mi wà nínú oṣù Èrèlè. Ilé ìtura tí a wọ̀ ló bá wa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tó ń kó àlejò lọ sójú òkun lọ jẹ oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n lè wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Wọ́n máa ń fún àsè kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀. Ti ọjọ́ wa ni "Alẹ́ Taarab". Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì wí. Atukọ̀ àgbà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mzee nítorí ewú orí rẹ̀, pe àkókò kan náà ní wákàtí kẹwàá ààbọ̀. Ìyá mi, Alhaja tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò bi í léèrè ìdí. Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ti mọ̀ pé oòrùn ló ni aago.

Mo ti rí ọkọ̀ afẹ́ ní etíkun mìíràn tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú rẹ̀ ń bú débi pé èèyàn á gbàgbé pé orí omi lòun wà. Èyí yàtọ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Oúnjẹ, orin, igi ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tó gbé e, gbogbo rẹ̀ ló ti inú ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ jáde tàbí ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti di ọmọ onílé. Kò sí èyí tó ń bá ìwọ̀ oòrùn du ojú wa.

Jahazi ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà: ọkọ̀ onígi gbọọrọ, òpó kan láàárín, àti ìgbòkun onígun mẹ́ta ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tanga. Nungwi lókìkí fún kíkan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe é ní gbangba lórí iyanrìn, lẹ́bàá ilé àwọn apẹja, láìya àwòrán kankan sórí ìwé. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ọ, òwú ni wọ́n sì ń rọ sáàárín pákó kí omi má bàa ráyè wọlé. Fún egungun ọkọ̀, igi tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú oko ni wọ́n ń wá kiri. Igi tí Ọlọ́run tẹ̀ láti kékeré ní okun tí kò sí nínú èyí tí a fi ayùn gé tẹ̀, nítorí iṣan inú rẹ̀ kò já. Mo dúró wo ọkùnrin kan tó ń yí ẹ̀ka máńgòrò kan síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, tó ń wá ibi tí yóò bá ìbàdí ọkọ̀ rẹ̀ mu. Ẹlẹ́dàá ti gbẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà kí ó tó mú àáké.

Ẹ́ńjìnnì kékeré ni Mzee fi mú wa kúrò létí ìlú. Nígbà tí a bọ́ sí gbangba òkun, ó pa á. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa okùn, ìgbòkun náà tú, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, ìró omi lábẹ́ pákó ló kù. Afẹ́fẹ́ yẹn ní orúkọ, ó ní oṣù tirẹ̀, ó sì ní ẹnìkejì. Kaskazi ni wọ́n ń pè é. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Ẹrẹ́nà, láti àríwá-ìlà-oòrùn ló ń fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà á rọlẹ̀, òjò á rọ̀, ẹnìkejì rẹ̀ á sì dé láti gúúsù. Kusi nìyẹn, òun ló ń jọba di nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà.

Ilẹ̀ Éṣíà tó tóbi lọ salalu ló wà nídìí pààrọ̀ yìí. Ilẹ̀ a máa tètè gbóná ju omi lọ, a sì máa tètè tutù jù ú lọ. Nígbà tí òtútù bá mú ilẹ̀ Íńdíà àti Arébíà, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á wúwo, á sì ṣàn wálẹ̀ gba orí òkun wá sọ́dọ̀ àwọn ará Zanzibar. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá tún gbóná janjan, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á fò sókè, afẹ́fẹ́ òkun á sì sáré lọ dí àyè rẹ̀. Bó ti ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, ọdọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó kan ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù, òǹkọ̀wé kan tó ń fi èdè Gíríìkì kọ̀wé ti ń ṣàpèjúwe òwò etíkun yìí. Àwọn oníṣòwò láti Oman, láti Páṣíà àti láti Íńdíà á bá Kaskazi wá, wọ́n á tajà, wọ́n á rajà, wọ́n á wá jókòó ti Kusi kí ó gbé wọn padà sílé. Kò sí olówó tó lè sanwó kí Kusi tètè dé. Àwọn tó jókòó pẹ́ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, èdè pàdé èdè.

N kò lè yin afẹ́fẹ́ náà kí n má sọ ìyókù. Òun náà ló gbé ọkọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú. Ọdún 1873 ni wọ́n tó ti ọjà ẹrú Zanzibar pa, ní ayé Sultan Barghash, ìjọ Áńgílíkà sì kọ́ ilé ìsìn ńlá sórí ilẹ̀ náà. Èmi àti ìyá mi ti dé ibẹ̀ kí a tó wá sí Nungwi, a sì dúró níbẹ̀ bí àwa tí a ti gúnlẹ̀ sí Badagry rí ṣe ń dúró, láìlè sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn Olódùmarè ni afẹ́fẹ́. Kò mọ ohun tí a dì sínú ọkọ̀. Ọmọ ènìyàn ló mọ̀, òun náà ló sì ń gbé ẹ̀bùn tí kò lábàwọ́n tí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ kùn ún.

Bí a ti jìnnà sí èbúté, àwọn olórin tún ohun èlò wọn ṣe. Gòjé òyìnbó kan, àkọ́díónì kan, ìlù kékeré aláwọ, oud tó nídìí rìbìtì bí igbá, àti qanun, tó jẹ́ dùùrù olókùn púpọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan. Kairo ni a gbọ́ pé orin taarab yìí ti wá sí ààfin ní ayé Sultan Barghash kan náà. Láti 1905 ni ẹgbẹ́ Ikhwani Safaa ti ń kọ ọ́ ní Zanzibar. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e jáde kúrò láàfin wá sáàárín ìlú ni Siti binti Saad, ọmọ tálákà tó ń kiri ìkòkò amọ̀ tà kó tó di olórin, tó lọ sí Bombay ní 1928 lọ gba ohùn rẹ̀ sínú àwo orin ní èdè Swahili. Obìnrin tó kọrin fún wa lọ́jọ́ náà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ń gun orí okùn gòjé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dúró de ìlù. Ìyá mi, tí kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú Swahili, ń mirí lọ́nà tó máa ń gbà mirí sí orin wákà nílé.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ lórí ẹní. Pilau ni ìrẹsì náà, tí kànnáfùrù àti kinámónì ta sánsán nínú rẹ̀. Kànnáfùrù tí a ń rà nílé fún eyín ríro, ìrúwé òdòdó tí kò tíì là ni. Bí òdòdó náà bá là, òórùn rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a ní ìdì kọ̀ọ̀kan kí ó tó là, wọ́n á wá sá a sí oòrùn títí yóò fi dúdú. Láti àwọn erékùṣù kan ní Indonesia ni igi rẹ̀ ti wá sí Zanzibar ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ẹrú ló gbin oko ńlá rẹ̀. Ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n fi omi àgbọn sè, àti pweza, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí wọ́n yan lórí ẹyín iná.

Lórí pweza yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Ọkàn mẹ́ta ló ń lù nínú ẹ̀dá kékeré yẹn: méjì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tó fi ń mí, ìkẹta ń tì í káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pupa, aró ni, nítorí bàbà ló wà nínú rẹ̀ níbi tí irin wà nínú tiwa. Kò ní egungun kan ṣoṣo, nítorí náà ihò tí ẹnu rẹ̀ bá ti lè gbà, gbogbo ara rẹ̀ á gbà á. Ó lè pààrọ̀ àwọ̀ ara rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, kí ó dà bí òkúta, kí ó dà bí ewéko òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, awọ rẹ̀ ń kọ ọ́. Púpọ̀ nínú iṣan tó fi ń ronú kò sí lórí, apá rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wà, tó fi jẹ́ pé apá kọ̀ọ̀kan ń wá ohun tó ń wá láìdúró gba àṣẹ. Nígbà tí abo bá yé ẹyin tán, kò ní jẹun mọ́. Á jókòó ti ẹyin náà, á máa fẹ́ omi sí wọn kí wọ́n lè mí, títí wọn yóò fi pa, òun á sì kú. Àwọn obìnrin etíkun ló ń lọ fi igi yọ ọ́ nínú ihò òkúta nígbà tí omi bá fà. Àwọn abúlé kan máa ń ti ibi ìpẹja pweza fún bí oṣù mẹ́ta kí ó lè dàgbà, mo sì gbà pé ọgbọ́n tí ó yẹ kí á fi bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dá nìyẹn. Kí n tó jẹ tèmi, mo ṣe bísímílà bí ìyá mi ti kọ́ mi, mo sì mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Oòrùn ti ń sún mọ́ omi. Erékùṣù Tumbatu dúdú ní apá òsì wa, kò sì sí ohun mìíràn láàárín àwa àti ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun. Gbogbo àlejò ti dìde, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, iwájú ọkọ̀ ni gbogbo ojú kọ sí. Mzee nìkan ló wo ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àga ìyá mi, ó pè é ní Bibi, ìyá àgbà, ó ní, "Bibi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Òṣùpá àrànmọ́jú ló ń yọ lókè àwọn igi àgbọn Unguja, ó ràgàjì, ó pọ́n rẹ́sùrẹ́sù. Oòrùn kò sì tíì wọ̀. Méjèèjì wà lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú ọkọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kojú ara wọn lórí òkun, àwa sì wà ní agbede wọn.

Ìtumọ̀ òṣùpá tó kún nìyẹn gan-an: oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ayé, òṣùpá wà ní ìkejì, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ tó kọ sí wa ni oòrùn ń tàn sí tán yányán. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ń wọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ máa yọ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé ìwé. N kò tíì dúró sáàárín rẹ̀ rí. Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bákan náà lójú. Oòrùn fi bí ìlọ́po 400 fẹ̀ ju òṣùpá lọ, ó sì fi bí ìlọ́po 400 jìnnà sí wa jù ú lọ. Ta ló wọ̀n wọ́n? Ìyá mi ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn: Àwámáridìí, Ọba tó dá ọ̀sán tó dá òru, Atẹ́rẹrẹ káríayé.

Ìsàlẹ̀ oòrùn wá fara kan omi. Àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní òféèfé, ó ti di pupa bí epo tuntun. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn funfun ni nígbà tó ń bọ̀, gbogbo àwọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun bíńtín bíńtín tí afẹ́fẹ́ jẹ́, tí ojú kò lè rí, a máa gbá àwọ̀ aró inú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ju àwọ̀ pupa lọ. Ìdí nìyẹn tí òfurufú fi rí bí aró lọ́sàn-án. Lord Rayleigh, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1871. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá kí ó tó dé ojú wa tó bí ìlọ́po 38 èyí tó ń là kọjá nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Aró á ti dànù tán lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò ṣòfò. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ńlá Tàǹsáníà, ní ìwọ̀-oòrùn wa, tí ojúmọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló ń rí aró náà lókè orí wọn. Ohun tí ó yọ kúrò nínú tiwa ni ó fi ṣe òfurufú fún ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n lè wo ìwọ̀ oòrùn láìdákẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa tẹ ìmọ́lẹ̀. Lákòókò tí oòrùn pupa náà fara kan omi lójú wa, oòrùn fúnra rẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀ ayé tán. Àwòrán rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé sókè ni gbogbo wa ń yà sínú fóònù. Ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ti kúrò lára oòrùn láti bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣáájú, ó ti rin nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀sán fi gùn sí i ní orígun ayé gbogbo nítorí títẹ̀ yìí, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Kò sí ẹ̀dá tó béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé ayé, tó ti kú, tí kò mọ̀ pé a fi kún ọjọ́ òun.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé bí a bá ti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ìyanu rẹ̀ á tán. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí kò mọ̀ ń rí pupa tó dára. Ẹni tó mọ̀ ń rí pupa kan náà, ó tún ń rí aró tó lọ, afẹ́fẹ́ tó tẹ̀, ọ̀nà jíjìn tó rìn. Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gbọ́ràn sí àṣẹ kan náà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń dé tó ń bọ́ fìlà.

Kò pẹ́. Nítorí pé oòrùn ibẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní òró, kì í fẹ̀gbẹ́ rìn bí ó ti ń rìn ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìṣẹ́jú méjì ni láti ìgbà tí ó fara kan omi títí ó fi rì tán. Èkó tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí Zanzibar ti wà ní gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì ni Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá rẹ̀. Lára àwọn àlejò tó wá láti ìlú òtútù, obìnrin kan dúró bí ẹni tó ń retí kí oòrùn tún padà wá. Ó bi mí bóyá ó ti tán lóòótọ́.

Àwọn olórin ti gbé ohun èlò wọn sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, n kò tètè fiyè sí i. Ìpè ìrun mọ̀gáríbì wá láti àwọn mọ́ṣáláṣí Nungwi, ó gba orí omi kọjá, ó ń dé wa díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e. Wọ́n tò sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá mi dìde, ó ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi ìgò, ó sì lọ dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú obìnrin olórin náà. Ní Ìbàdàn, ìlà-oòrùn ni ìyá mi ti ń kọjú sí láti kékeré. Níhìn-ín, àríwá ni wọ́n kọjú sí, nítorí Mẹ́kà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀kánkán òkè Zanzibar. Nítorí náà wọn kò kọjú sí ibi tí oòrùn ti wọ̀, wọn kò sì kọjú sí òṣùpá. Pupa ìrọ̀lẹ́ wà ní apá òsì wọn, fàdákà òṣùpá wà ní apá ọ̀tún. Wọ́n wólẹ̀ fún Ẹni tó ni méjèèjì. Ọmọkùnrin tó di ìtọ́kọ̀ mú kò kúrò nídìí rẹ̀ títí Mzee fi parí tirẹ̀ tó wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀ padà. Tíì alátalẹ̀ ni wọ́n fi parí àsè. A yí orí ọkọ̀ sí ilẹ̀.

Nígbà tí a dé ìtòsí Nungwi, òkun ti fà. Ibi tí a ti wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí omi ti dé ìgbáròkó, ti di iyanrìn tútù. Òṣùpá kan náà ló ṣe é. Bó ti ń fa omi ayé mọ́ra, oòrùn náà ń fà á, nígbà tí méjèèjì bá sì wà lójú ìlà kan, bí wọ́n ti wà lálẹ́ ọjọ́ náà, agbára wọn á para pọ̀: òkun á kún ju bó ṣe yẹ lọ, á sì fà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Zanzibar, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà a máa tó nǹkan bí mítà mẹ́rin nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mzee kò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Okùn kan wà tí wọ́n ti so mọ́ ike tó léfòó lójú omi, òun ló so ọkọ̀ mọ́. Mo béèrè ìdí. Ó ní iyùn ló wà nísàlẹ̀, irin ìdákọ̀ró a sì máa fọ́ ọ.

Iyùn yẹn jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn. Ẹ̀dá kékeré aláìlójú, aláìlọ́pọlọ ló ń kọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a máa fa ẹfun inú omi jáde fi ṣe ilé, àwọn ewéko bíńtín tó fara pamọ́ sínú awọ wọn a sì máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún wọn. Òkú iyùn àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ erékùṣù Unguja fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n gé tí wọ́n fi mọ ilé gogoro Stone Town, àárín ìlú àtijọ́ Zanzibar. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í bímọ bí kò ṣe ní òru mélòó kan lọ́dún, lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, nígbà tí àìmọye wọn á tú ẹyin sójú omi ní alẹ́ kan náà. Ohun tí kò lójú ń ka òṣùpá. Ní 1998, omi Òkun Íńdíà gbóná ju bí ara wọn ṣe lè gbà lọ. Ewéko inú awọ wọn sá jáde, wọ́n funfun bí egungun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì kú láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé Maldives. Ó ti tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ooru tí èéfín ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ wa ń dì mọ́ ayé ni, ó sì ń dùn mí gidigidi, nítorí èyí kì í ṣe ìjà láàárín òṣùpá àti òkun. Àwọn pa àdéhùn tiwọn mọ́.

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan gbé wa dé ibi tí omi ti mọ ní kókósẹ̀. Ọmọkùnrin méjì mú ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń pè é ní Bibi, wọ́n ń sọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Kí ó tó gun iyanrìn, ó bi Mzee bóyá ohun tí a rí náà ni àwọn àlejò ọ̀la máa rí. Mzee ní rárá. Oòrùn á wọ̀ ní wákàtí tirẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n òṣùpá á pẹ́ dé ní bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ilẹ̀ á ṣú dùdù láàárín wọn, ìràwọ̀ á sì bọ́ síta kí òṣùpá tó yọ. Ìyá mi ro ó díẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ìràwọ̀ gúúsù òkun dáadáa láti ọjọ́ tí a ti dé, ó sì yíjú sí mi pé kí n lọ bá àwọn ará ilé ìtura kí wọ́n tó sùn, kí n sanwó ti ọ̀la.